Ìwé Tí Kò Tíì Padà

Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn tó ń yá ìwé
ní yàrá ìkàwé kékeré kan lẹ́bàá odò Perumba,
níbi tí òjò oṣù kẹfà ti ń lu òrùlé alámọ̀,
tí bébà ń wú bí ìka ẹni tó fọṣọ pẹ́.

Sumitha, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kannur,
ìwé mẹ́ta lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́rin.
Inú bọ́ọ̀sì aago méje ló ti ń kà wọ́n,
ó di irin mú lọ́wọ́ kan, ó fi àtàǹpàkò ṣí ewé,
ojú rẹ̀ a já wálẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀
bí ológbò tó bẹ́ láti orí àjà:
kò ṣubú, kò ṣèèṣì.

Kunhambu ní tirẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin,
ìwé kan ṣoṣo láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.
Ètè rẹ̀ ń mì bí ó ti ń kà.
Nígbà èwe rẹ̀, ní ilé iṣẹ́ bíìdì,
àwọn tó ń wé tábà sínú ewé a máa dá bíìdì jọ fún un
kí ó lè jókòó, kí ó máa kàwé sí wọn létí.
Ìwọ̀n ọwọ́ wọn ni ahọ́n rẹ̀ fi kọ́ ìrìn.
Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé.
Ahọ́n rẹ̀ kò tíì gbọ́.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún ìkàwé, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì:
àwọn méjì ń ka ìwé, àwa yòókù ń ka ìṣẹ́jú.
Sumitha parí orí kan ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.
Kunhambu lo ogójì ó lé díẹ̀,
ó tún tọrọ tíì láàárín.
Mo ti pọ́n òwe kan sẹ́nu de ìbéèrè:
ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Mo fẹ́ kí arúgbó borí. Kí n má purọ́.

Ta ló jí ọkọ̀ ojú omi? Sumitha dáhùn.
Kí ló wà nínú lẹ́tà? Ó dáhùn.
Kí ló dé tí ìyá kò sunkún nígbà tó ka lẹ́tà náà?
Mo ní, ibí lọwọ́ á ti tẹ̀ ẹ́.
Ó ronú díẹ̀. "Ó ti sunkún tán ní ojú ewé kejì,
nígbà tó ń rán bọ́tìnnì sí ẹ̀wù ọmọ náà."
Gbogbo wa dákẹ́. Òótọ́ ni.
Kunhambu kò rántí orúkọ ẹnikẹ́ni.
Mo gbé òwe mi mì. Ó há mi díẹ̀.

Bí a ti ń kó àga wọlé, ọmọbìnrin náà bi í,
kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá:
"Bàbá, kí lẹ wá ń ṣe nínú ìwé fún ogójì ìṣẹ́jú?"
Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀,
òun ni ìyá mi fi ń pe òjò tó ń rọ̀ tí oòrùn ń ràn.
N kò gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ tí iná ti gba ara rẹ̀.
Mo jókòó tì í ni."

Adìyẹ mi yé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé;
ó kù tó sàba kó tó pa.
Ohun tó yé Sumitha yé e lóòótọ́,
ẹyin gidi ni, kì í ṣe òbu.
Ìsàba ni mo ń rò.
Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí ńkọ́?
Ẹ̀yìn ìwé ni mo máa ń kà jù.
Mo mọ iye ewé, mo mọ èyí tí ikán ti tọ́ wò.

Lọ́sẹ̀ kejì, Sumitha wá yá ìwé ìdíje náà.
Mo ní, "O ti kà á." Ó ní, "Mo mọ̀."
Ọjọ́ kejìlá oṣù keje ló yẹ kó dá a padà.
Oṣù kẹjọ ti ń lọ sópin.
Lánàá mo rí i nínú bọ́ọ̀sì aago méje,
ìwé náà wà ní ṣíṣí lórí itan rẹ̀,
ó ń wo ìta fèrèsé,
ètè rẹ̀ ń mì.

N kò kọ owó ìtanràn sílẹ̀.