Òkú Ìpẹ̀rù

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n fi bẹ̀ mí kí n kú
ní pálọ̀ Bàbá Odùsànyà, n'Ípẹ̀rù.
Mo kú láago mẹ́jọ òwúrọ̀.
Láago mẹ́wàá, wọn ò tíì sunkún mi.

Ṣóbándé ní òun lòun bí mi, òun ni yóò kọ́kọ́ ké.
Fẹ́hìntọ́lá ní ojú ta ló wà lára pósítà
láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde?
Ẹkún òun kì í tọ ẹkún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.
Dírẹ́tọ̀ Ọ̀nàfùwà wọ awò dúdú nínú yàrá tíná ò sí;
ó kọsẹ̀ lára mi lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní òkú yìí ò mọṣẹ́.

Wọ́n pe Bàbá onílé kó wá là wọ́n níjà.
Bàbá pààrọ̀ fìlà kó tó dé,
ó béèrè ibi tí kámẹ́rà wà.

Ìkọ́kọrẹ́ ń ta sánsán láti ilé ìdáná;
òkú ò gbọdọ̀ gbé itọ́ mì.
Èèrà wọ ṣòkòtò mi. Mo fara dà á,
àfi ìgbà tí ọ̀kan dé ibi tí òkú pàápàá ò lè gbà fún un.
Mo dìde jókòó: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sin mí gan-an?"

Wọ́n ti gbàgbé pé mo wà láàyè.
Ṣóbándé gba ojú fèrèsé,
wíìgì Fẹ́hìntọ́lá há sẹ́nu ọ̀nà.
Ọmọ tó di kámẹ́rà mú nìkan ni kò sá.
Oorun ló ń sùn. Kámẹ́rà ò sùn.

Ibẹ̀ nìkan ni gbogbo Rẹ́mọ ti rẹ́rìn-ín.
Orúkọ mi kẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ tín-ín-rín: Òkú.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọ̀hún, mo ṣì ń retí ẹ̀.