Okùn Méjì

Bàbá, mo ti rà á kí n tó bèèrè.
Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà, owó aṣọ mẹ́ta
tí mo fi oṣù kan àtààbọ̀ hun lábẹ́ àpáta Ògìdì.
Ọkùnrin tó ń tà á ní gáréèjì Kábà wọ bàtà funfun.
Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú
a máa dípẹtà bí ọkọ́ tí òjò bá lóko.
Ó ní hóró kan ṣoṣo nínú ìgò yìí
ní agbára ogójì ọsàn.

Ogójì ọsàn!
Ẹ̀yin tí dókítà ka ọsàn léèwọ̀ fún,
tí igi ẹ̀yìnkùlé yín ń rọ èso fún ewúrẹ́ Ìyá Olúmọ̀rìn,
tí ẹ máa ń wojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ bá ń kọjá ibẹ̀
bí ẹni tó jẹ igi ní gbèsè.

Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ fura. N ò fura.
Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ẹtì,
aago mẹ́rin ìdájí, ọkọ̀ Lọ́kọ́jà.
A kọjá Ọ̀bàjánà, sìmẹ́ǹtì lórí ewé,
tírélà ń mí sí wa lọ́rùn.
Omi tí wọ́n wọ̀n fún yín títí di alẹ́ wà nínú ìgò kékeré,
ẹ ń fi ètè kàn án bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.
Lẹ́yìn náà, okùn méjì:
ọ̀kan ń fa ẹ̀jẹ̀ yín lọ sínú ẹ̀rọ,
ọ̀kan ń dá a padà,
wákàtí mẹ́rin, bí òwú tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí òfì.
Láti kékeré ni mo ti ń wo òfì.
N kì í lè wo ti yín.

Ọjọ́ kẹfà tí ẹ ti ń lò ó
ni mo fi ìgò han Nọ́ọ̀sì Mẹ́dùpìn.
Kò pariwo. Ó wá awò ojú rẹ̀.
"Òótọ́ ni, ẹ̀rọ a máa fọ fítámì kan lọ mọ́ ìdọ̀tí,
ìdí nìyẹn tí a fi ń fún wọn ní hóró pupa kékeré yẹn.
Ṣùgbọ́n èyí? Òmíràn wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ kì í rí fọ̀,
ara ni yóò kó o jọ bí eérú inú ààrò.
Ti ọsàn yẹn náà, bó bá pọ̀ jù, á di yanrìn.
Ṣé ó ń fa ẹ̀mí gùn? Wọ́n ti wádìí, wọ́n ṣì ń wádìí.
Kò tíì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà."
Ó dá ìgò padà sí mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́.

Mo sunkún nídìí ọkọ̀. Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín.
Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi tún kẹ̀kẹ́ ṣe,
ẹ mọ ìpẹtà bí ẹni mọ àbúrò rẹ̀.
"Kẹ̀kẹ́ tó dúró là ń fi epo fọ̀, ọmọ mi.
Èyí tó ṣì ń yí, jẹ́ kó máa yí ná."

Ìgò náà wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù yín báyìí.
Ẹ da hóró rẹ̀ sí ṣalángá,
ẹ kó bọ́ọ̀lù kẹ̀kẹ́ sínú rẹ̀, kéékèèké, dídán, epo ń kán lára wọn.
Ẹni tó ń kọjá kí yín: Okun o!
Ẹ dáhùn, okun, láìgbórí sókè.
Mo ta aṣọ kẹrin sórí òfì.
Ọjọ́ Ẹtì di ọ̀túnla.