Ìṣirò Kùkùté

Mo mọ iye wọn. Ẹ má bi ẹlòmíràn.
Láti ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ṣúgà títí dé etí odò Ọ̀pàrà,
igba kùkùté ó lé mọ́kàndínlógún.
Ọwọ́ mi yìí ló bẹ́ wọn lórí.

Àáké a máa sọ̀rọ̀: kọ́ọ́, á sinmi, kọ́ọ́.
Igi á gbọ́, ẹyẹ á kó ọmọ rẹ̀,
ọ̀kẹ́rẹ́ á ti mọ ibi tí yóò gbà.
Ẹ̀rọ agégi ò fún ẹnikẹ́ni láàyè.
Kí o tó bojú wẹ̀yìn, apá ọgọ́ta ọdún ti na gbalaja
bí ọ̀mùtí lójú ọ̀nà.

Òru ni Ọ̀séènì máa ń gbé ọkọ̀ dé.
Kì í tan iná. Á san owó lójú ẹsẹ̀,
owó sẹ́fà tó ń rùn bí ṣìgá,
á ní, "Ẹ̀gbọ́n, igbó ò lè tán,
Ọlọ́run ló gbìn ín."
Mo fi owó náà kan páànù sórí ilé.
Ẹ̀ẹ̀rùn dé, páànù gbóná bí agbada àkàrà,
kò sì sí igi tí a ó sá sí abẹ́ rẹ̀.

Apá tán, a bọ́ sórí èmí,
igi òrí tí ìyá mi fi rán mi lọ síléèwé.
A sun ún di èédú, àpò kan, owó adìyẹ kan.
Ẹ̀bù là ń sun jẹ, a ń pè é ní iṣu.
Èmi. Èmí. Ẹ̀mí.
Ká la ẹnu díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ti yí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́nà Kábúà
mo bá funfun lára igi.
Ẹfun ni. Àwọn obìnrin tó ń ṣa èso èmí
ti kọ orúkọ ẹni tó ni ìdí igi kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀:
Mọrẹ́nikẹ́. Àṣàkún. Sìkírátù tó yarọ.
Mò ń kà á bí tíṣà tó ń pe orúkọ,
ẹ̀rọ ń bú ramúramù lọ́wọ́ mi.
Ìkejìlá: AYÉDÙN.
Ọmọdé ló kọ ọ́, ó dojú Y délẹ̀.
Ìyá mi ti lo ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀,
wọn ò gba ìdí igi rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo pa ẹ̀rọ.
Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e tóbi ju òkè Sábẹ̀ lọ.

N ò ní purọ́ pé mo di ènìyàn rere lọ́jọ́ yẹn.
Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ro owó Ọ̀séènì.
Òfin igbó wà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, òjò ti fọ ìdajì rẹ̀.
Ẹ̀ṣọ́ igbó wà, ẹyọ kan, alùpùpù rẹ̀ ò ní táyà.
Wọ́n ní bí a bá ń gégi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.
Ariwo ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ara mi.

Báyìí, obìnrin mẹ́fà, èmi,
àti ẹ̀ṣọ́ igbó, nígbà tí a bá dáwó ra táyà,
la máa ń ro ilẹ̀ yí igbó ká kí iná ọdẹ má baà wọ̀ ọ́.
Ẹni tó bá gé òkú igi, kó wá sọ.
Ẹni tó bá gé ààyè,
a ó fi ẹfun kọ orúkọ rẹ̀ sára kùkùté,
kí ọmọ rẹ̀ lọ kà á.
Mo bẹ̀rẹ̀ lára mi. Igba ó lé mọ́kàndínlógún.
Ó gbà mí lóṣù méjì. Ẹfun tán lẹ́ẹ̀mejì.

Èmí tí mo gbìn ga dé orúnkún mi.
Yóò tó ogún ọdún kó tó so dáadáa.
Ẹlòmíràn ni yóò fi òrí rẹ̀ para.

Lóru àná, afẹ́fẹ́ gbé ariwo ẹ̀rọ kan wá
láti òdìkejì Ọ̀pàrà.
Mo mọ ohùn rẹ̀. Èmi ni mo ta ẹ̀rọ náà.
Mo dìde, mo ń wá bàtà mi.