Ọwọ́ Ń Dùn Mí

Olùtọ́jú iṣan ní Dundee di ọrùn ọwọ́ mi mú,
ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún,
ó ní, "Fi èkúté yẹn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta."
Mo rẹ́rìn-ín. Nílé wa, pańpẹ́ la máa ń dẹ fún èkúté,
a kì í dì í mú láti àárọ̀ dalẹ́.
Mo fa okùn rẹ̀ yọ, mo ká a bí ìfun ẹran,
mo tì í sínú dúrọ́ọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tíì
àti ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan tí n kò rí ìkejì rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo dà bí àlejò tó wọlé lókùnkùn
tí kò mọ ibi tí ìṣáná wà.
Mo fẹ́ ṣí fáìlì, mo pa á dé.
Mo fẹ́ wá ọ̀rọ̀ kan, gbogbo ojú iṣẹ́ di dúdú.
Eilidh tó jókòó nítòsí mi,
tí kò fọwọ́ kan èkúté láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi,
kò wí nǹkan kan.
Ó lẹ ìwé pélébé mọ́ etí síkíríìnì mi:
*Kọ́ńtírólù pẹ̀lú P. Máa rọra mí.*

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
Ọmọńdinrín tí n kò fi ṣe nǹkan rí ju kí n fi ro etí lọ
di aṣọ́nà lórí Kọ́ńtírólù.
Ìfábẹ̀lá gbàgbé ọbẹ̀, ó dúró sórí J
níbi tí ìlà kékeré kan ti wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ,
kí ẹni tí kò wolẹ̀ lè mọ̀ pé òun ti délé.
Wọ́n ní ìka kò dọ́gba.
Èmi ti rí iṣẹ́ tí àìdọ́gba wọn ń ṣe.

Lóṣù kejì, mo ń fo láti ìlà kẹtàlá sí ìlà ẹgbẹ̀rún
bí ẹni ń fo gọ́tà.
Oòrùn wọ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀,
n kò tan iná; ìka kò bèèrè fìtílà.
Callum, ọmọ tuntun, bi mí:
"Kí lo tẹ̀ tí orúkọ yẹn fi yí padà níbi mọ́kàndínlógún lẹ́ẹ̀kan náà?"
Mo la ẹnu, ẹnu ṣófo.
Àfi ìgbà tí mo gbé ọwọ́ lé tábìlì lásán
tí mo wo ohun tí wọ́n ń ṣe
ni mo tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún un.
Orí mi ti kó iṣẹ́ náà fún ọwọ́, kò sì tọ́jú rìsíìtì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí màmá mi ní Ìpetumodù:
*Mama, owo n dun mi.*
Kò pẹ́, fóònù dún.
"Owó ń dùn ọ́? Ta ló jí i?
Àbí wọ́n ti lé ọ níbi iṣẹ́?
Mo lè gba àjọ mi lọ́sẹ̀ yìí."
"Màmá, ọwọ́ ni. Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ìwọ náà lo sì ní o mọ kọ̀ǹpútà."

Lọ́jọ́ kejì mo wá bí a ṣe ń fi àmì sídìí ọ̀rọ̀:
Áátì àti àmì ìdánudúró, lẹ́yìn náà O.
Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ti ní onílé.
Ibẹ̀ ni ètò mi ń gbà tún àṣìṣe ṣe.
Mo tẹ *ọwọ́*, ó fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀,
ó ní, ṣé kí n bá ọ tún un ṣe?
"Àṣìṣe kankan kò sí níbẹ̀!"
N kò mọ̀ pé mo pariwo, àfi bí Eilidh ṣe gbójú sókè.
Mo gba bọ́tìnnì náà lọ́wọ́ ètò, mo fi fún ọ̀rọ̀ wa.
Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fẹ́ tún àṣìṣe ṣe,
ọ̀nà mi fi ìtẹ̀ méjì jìn sí i.
Mo ń rìn ín.

Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀, bí òtútù bá ti odò Tay wọlé.
Mo kọ ọ́ sí màmá mi, tàmì tohùn.
Ó fèsì:
*Fi ori pa a. Owo nko?*
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Mo fi díẹ̀ ránṣẹ́.