Okùn Agogo

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fa okùn agogo
ní ṣọ́ọ̀ṣì orí àpáta, létíkun Kánádà,
níbi tí òkun ti ń gbá ilé wa létí.
Mi ò pa ìsìn kan jẹ rí.
Bàtà mi a máa dán, ohùn mi a máa ròkè
bí a bá dé ibi "Àmín".

Lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kùrukùru bo òkun,
kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ ara rẹ̀.
Dúrúsílà Fókì kanlẹ̀kùn mi,
opó tí í jókòó sẹ́yìn, tí í sùn bí ìwàásù bá gùn.
"Ọkọ̀ Ísọ̀ Tọ́bìn ò tíì dé.
Lu agogo, kí wọ́n lè gbọ́ ibi tí ilẹ̀ wà."

Mo ní agogo Olúwa ni, kì í ṣe ọjọ́ ìsìn.
Mo ní kí ó jẹ́ ká gbàdúrà.
Ó wò mí. Ó nawọ́.
Kọ́kọ́rọ́ ló gbà, kò gba àdúrà.

Mo sì gbàdúrà o, àdúrà tó gún régé,
lẹ́bàá iná, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun lẹ́sẹ̀,
agogo ń dún létí mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọkùnrin márùn-ún ló gúnlẹ̀,
òtútù ti sọ ètè wọn di aró.
Ẹ̀jẹ̀ Dúrúsílà wà lára okùn.
Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó tún sùn nígbà ìwàásù.

Èmi ni mo ṣì ń fa okùn náà. Mi ò fọ̀ ọ́.
Ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ sí máa ń ha mí lọ́wọ́.