Ojú-Ìwé Keje

Arákalẹ̀ ni mo ti rà á,
lọ́wọ́ ọkùnrin tó tẹ́ ìwé sórí àpò sìmẹ́ńtì
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta bátìrì àti okùn bàtà.
Owó ọ̀kadà mi ni mo fi san án,
mo fẹsẹ̀ rìn dé Òkè-Àró.
Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí,
àwòrán inú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ:
ọmọ kan, bẹ́ẹ̀dì kan, òru,
àti nǹkan kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ayàwòrán ò yà tán.

Ọwọ́ rẹ̀ nìkan la rí lójú-ìwé kẹta,
ìka mẹ́fà, èékánná bí ìkarahun ìgbín.
Lójú-ìwé karùn-ún, eyín.
Lójú-ìwé keje, wọ́n kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú
bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí iná igi,
àfi ojú méjì péré,
tó kéré, tó pọ́n bí hóró àgbàdo.

Èmi mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.
Eyín ẹ̀dá náà kan ló sọnù,
ó ń wá a kiri, ọmọ náà bá a rí i, ó parí.
Ṣùgbọ́n ìyá mi ni í kà á fún Fadérera
bí mo bá lọ síbi iṣẹ́ alẹ́,
ìyá mi ò sì mọ A yàtọ̀ sí B.
Àwòrán ló ń kà.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, agbowó-orí ni ẹ̀dá náà,
àwọn obìnrin ló lé e wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Tó bá di Ọjọ́bọ̀, ọmọ òkè Ìdànrè ni,
òkúta kékeré tó rìn wọ Àkúrẹ́ lóru
tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́.
Fadérera á ní, "Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá."
Ìyá mi á ní, "Àná ni àná. Ó ti jẹun látàná."

Lálẹ́ tí òjò ńlá yẹn rọ̀, tí iná lọ,
mo tètè dé.
Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, omi ń kán létí aṣọ mi.
Tọ́ọ̀ṣì wà láàárín wọn,
òjìji wọn ga dé àjà, ó wá ṣẹ́ lọ́rùn níbẹ̀.
Wọ́n ti dé ojú-ìwé keje.

"Bàtà ló ń wá," ni ìyá mi wí.
"Bàtà awọ, ti ẹsẹ̀ òsì.
Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ọ̀tún nìkan la rí wọ̀ fún un.
Kì í dún bó bá ń rìn.
Òórùn kòkó kì í kúrò lára ẹ̀."
Ó dákẹ́.
Mo mọ bàtà náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí,
èmi ni wọ́n ní kí n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo ní mo ti wò ó.

Ó fẹ́ pa ìwé náà dé.
"Ẹ má pa á dé," ni Fadérera wí. "Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"
Ìyá mi, tó fi ọmọ odó pa paramọ́lẹ̀
lọ́dún tó lóyún mi,
kò dáhùn.
Ọmọ ọdún márùn-ún bá na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀,
ó fi bo ojú méjèèjì náà mọ́lẹ̀ ṣinṣin.
"Ó yá. Kò rí yín mọ́.
Ẹ máa kà á lọ."

Wọ́n ti sùn báyìí, ẹsẹ̀ ẹnì kan lórí ẹnì kejì.
Mo wà ní yàrá mi, mi ò tíì tan àbẹ́là.
Mo bọ́ bàtà òsì mi, ó ṣì tutù fún òjò,
mo fi ìka ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Kì í ṣe awọ. Bóyá kò ní gbà á.
Mo tẹ́tí,
mi ò gbọ́ kó kan ògiri.