Títí Ẹ̀jẹ̀ Yóò Fi Sọ̀rọ̀

Aago márùn-ún ààbọ̀, Ìjàpọ̀ ò tíì jí.
Mo fi omi lásán gbé oògùn ọrùn mì,
ọdún keje rèé.
Kì í ṣe gẹ̀gẹ̀, mo ti ṣàlàyé títí ó fi sú mi:
ẹ̀ṣọ́ tí mo gbà sílé
ló ń yìnbọn sí onílé.

Ní báyìí, inú náà tún gba tirẹ̀.
Ó ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò sílẹ̀ mọ́jú.
Àbúrò ìyá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni.
Ọ̀gá iléèwé wa ní àwáwí ni.

Dókítà Akínfọlárìn nìkan ló bi mí pé,
"Kí lo jẹ láàárọ̀?"
Búrẹ́dì ni.
"Má tíì fi í sílẹ̀. Jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i.
Bí ọ̀tá ò bá wọlé,
ẹ̀jẹ̀ ò ní rẹ́ni nàka sí."

Ẹ gbọ́ ìdájọ́!
Kí n fowó mi ra ohun tó ń pa mí
ní bèkírì Òkè-Àró, kó ṣì gbóná.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé.
Iyán wà lórí tábìlì, funfun, aláìlẹ́ṣẹ̀.
Mo yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bu búrẹ́dì
bí ẹní fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí olè.
Ẹnu ò gbọ́ nǹkan kan;
ó ṣì ń da omi.